Àwọn Iwin Aago Márùn-ún

Èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn tẹlifísọ̀n, kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀ ná. Aṣọ ni mo ń rán. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Titirou, àdúgbò kan ní Parakou. Ẹni tó bá ń gbójú sókè wo àwòrán nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Gàbọ́ọ̀n ló ní kí wọ́n gbé tẹlifísọ̀n náà wá fún wa, kí ọmọ òun lè máa rí nǹkan wò. Mo gbé e ka orí àpótí kan létí ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ olódòdó bò ó, mo sì là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ Àìkú nìkan la ó máa tàn án, lẹ́yìn ìsìn.

Ta ló gbọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ọmọ mi ti yí mi lọ́kàn padà.

Ọmọ oṣù mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e fún mi. Bàbá rẹ̀ ti bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá rí iṣẹ́ sí Libreville ní Gàbọ́ọ̀n, níbi tí wọn kò ti ní gbà á tòun tọmọ lẹ́yìn. Èmi ni mo já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Ẹ̀yìn mi ló wà tí mo fi ń ránṣọ, ìró ẹ̀rọ sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí mo bá dá ẹsẹ̀ dúró, yóò ta jí, yóò sì fẹnu lé ẹkún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ìyá ló ń pè mí. Ìyá rẹ̀ gan-an, tó máa ń rí lójú fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Màmáà ló ń pe ìyẹn, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é nílé ìwé.

Mo kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Parakou yìí na ìka sí mi pé ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ló ya aláìgbọràn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, obìnrin Ìbàrìbá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa wá gba aṣọ rẹ̀, mo sì ní kí ọmọ lọ bu omi wá fún àlejò. Ó ń fi ègé aṣọ ṣeré nílẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, “Mi ò fẹ́.” Lójú àlejò! Mo gbá a lẹ́nu. Kì í ṣe èyí tó pọ̀, àmọ́ ó dún. Mo sọ fún un pé nínú ilé yìí, ọmọdé kì í wí fún àgbà pé òun ò fẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá” ni wọ́n ń wí. Ó dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó bu omi wá, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ gbé e fún obìnrin náà.

Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ rán an níṣẹ́, á lọ. Ẹ ní kó jẹ èyí tí kò wù ú, á jẹ ẹ́, omijé lójú rẹ̀ ni o, àmọ́ á jẹ ẹ́. Àwọn ìyá ìjọ a máa bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é tí ọmọ náà fi gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Orí mi a wú. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọwọ́ tó le díẹ̀ ni, kò sí idán níbẹ̀.

Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ló mú àwọn iwin wọlé tọ̀ mí wá. Bó bá ti ń ti ilé ìwé dé, tó bọ́ kakí ilé ìwé rẹ̀, tó jẹun, aago márùn-ún á ti fẹ́ẹ̀ lù. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣe eré àwòrán kan fún àwọn ọmọdé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n wá fi ohùn Faransé bò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ẹ̀dá kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọn kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n ní apá bíi ti lámilámi, wọ́n ń gbé lábẹ́ gbòǹgbò igi, wọ́n sì ní ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi ń sọ nǹkan kan di òmíràn. Lọ́jọ́ kan, mo dá ẹ̀rọ dúró, mo bọ́ gíláàsì mi wò wọ́n dáadáa.

“Iwin lò ń wò nínú ilé mi?”

“Kì í ṣe iwin burúkú, Ìyá,” ló wí. “Wọ́n máa ń fọ ẹnu kí wọ́n tó sùn.”

Mo jẹ́ kó wò ó. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe sọ fún olùṣọ́-àgùntàn wa.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé ìwé, ẹ ò ní mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn wà nínú ilé ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ máa fò kọjá lórí rẹ̀. Yorùbá ni mo fi ń ka Bíbélì mi, kíláàsì àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi, òun náà ni mo sì fi ń kọ èyí sínú ìwé kàyé. Ti Faransé, èyí tí aṣọ kọ́ mi nìkan ni mo mọ̀. Mo mọ apá, mo mọ ọrùn, mo mọ ìbàdí, mo lè kà á dé ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá ti kọjá ìdí aṣọ báyìí, mo ti ṣìnà nìyẹn. Bí mo bá sì ti gbé gíláàsì ìránṣọ sójú, ohun tó bá jìnnà sí mi ju apá kan lọ, kùrukùru ni. Ohùn nìkan ni mo ń gbọ́, àti ẹ̀rín ọmọ mi.

Ó káàánú mi, mo rò bẹ́ẹ̀. Ó kó ara rẹ̀ wá sídìí ẹ̀rọ, ó jókòó lórí àpò ègé aṣọ, ó kọjú sí tẹlifísọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ fún mi. “Ìyá, ó ní òun ń lọ síbi ìgbín.” “Ìyá, ìgbín náà ní òun ò ráyè.” Lójoojúmọ́ ni. Èmi tí mo ní n kò fẹ́ràn tẹlifísọ̀n, èmi náà ni mo wá ń bi í pé, “Kí ló wí? Kí ni èkejì dá a lóhùn?” Bí iná kuráàn bá lọ lágbede méjì, inú èmi gan-an a bàjẹ́, á sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀ fún mi. N kò mọ ìgbà kankan láyé mi tó dùn tó wákàtí yẹn, kí n má purọ́. Ọkọ mi wà láyé, ó kú, n kò rántí pé ẹnikẹ́ni jókòó tì mí rí kó máa sọ fún mi ohun tó ń lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìyá rẹ̀ pè. Ó ti rí ọkọ sí Libreville, ọkùnrin gidi ni, wọ́n ti gba ilé tó ní yàrá mẹ́ta. Ó ní, “Ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá fún mi, Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ gba ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ná, ẹ jọ̀ọ́. Bí kò bá fẹ́ wá, n kò ní fi tipátipá mú un.”

Mo fẹ́ kí ọmọ náà dúró. Jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí, nítorí n kò sọ ọ́ sókè nígbà yẹn. Mo fẹ́ kó dúró tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló bí i, báwo ni màá ṣe la ẹnu pé kó má mú ọmọ rẹ̀? Mo gbójú lé ọmọ náà pé òun ni yóò kọ̀ fún mi. Mo pè é. Ó ń bó ẹ̀pà sínú àwo.

“Màmáà rẹ ní kí o wá sọ́dọ̀ òun ní Gàbọ́ọ̀n, kí o máa gbé ibẹ̀. Ṣé wàá lọ?”

Kò gbójú sókè. “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Kíá báyìí! Kò rò ó, kò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, inú bí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé e sẹ́yìn tí mo tún gbé e sórí ẹsẹ̀, kó wá dá mi lóhùn bí ẹni tí mo rán lọ ra iyọ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń dá a lóhùn ṣókí ṣókí. Mo pe ìyá rẹ̀, mo ní, “Ó fẹ́ wá. Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ ń kánjú.” Èyí tí mo fi kún un yẹn, inú tó ń bí mi ló sọ ọ́. N kò tún bi ọmọ náà léèrè mọ́.

Ìwé ìrìnnà gba oṣù márùn-ún. Ìgbà yẹn ni ìtàn àwọn iwin yí padà.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbín àti ọ̀rọ̀ omi òjò ni. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀ràn kan ti ṣẹlẹ̀ sí èyí tó kéré jù nínú wọn. Wọ́n fẹ́ mú un kọjá odò ńlá kan lọ síbi tí kò sí koríko. Ó wá ń sá pamọ́. Lónìí ó wà nínú ìkarahun ìgbín, lọ́la ó wọ inú òdòdó pupa rúsúrúsú kan, ó ní kí òdòdó náà pa ẹnu dé. Wọ́n ń wá a. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Ọmọ náà máa ń sọ èyí jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán, ẹ̀rín tó máa ń rín tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Mo rò pé eré náà ló ti dé ibi tó le.

Lọ́jọ́ kan, mo ń gé òwú lára ìgbátí aṣọ kan, mo bi í pé, “Ṣé odi ni iwin yìí ni? Kí ló dé tí kò sọ fún wọn pé òun ò lọ, kí gbogbo wa sinmi?”

Ó yíjú padà wò mí. “Kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Àgbà ni wọ́n.”

“Ó káre,” ni mo wí. “Iwin tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.”

“Ó ń retí kí àwọn ará ilé rẹ̀ sọ pé kó má lọ.”

“Wọn ò sì sọ ọ́?”

“Wọn ò tíì sọ ọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi, mo rẹ́rìn-ín, mo ní irú ìdílé wo nìyẹn, tí wọn kò lè dá ọ̀rọ̀ kékeré sọ. Mo sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìgbà tí wọ́n gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ló lọ. Obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ń lọ láti Kútọnù, òun ni yóò mú un wọ ọkọ̀ òfuurufú. Aṣọ tí mo rán fún un fún ìrìn náà, mo fi ìgbátí rẹ̀ sílẹ̀ kó fẹ̀ dáadáa, nítorí pé yóò ga. Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo èrò, obìnrin tó ń mú un lọ sì ń yìn mí pé irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Kó tó gòkè, ó bi mí pé, “Ìyá, ta ni yóò máa sọ ohun tí wọ́n ń wí fún yín?”

Mo ní kó má ṣe ìyọnu, màá máa wo ẹnu wọn. Ó dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n pè é, ó ní “Bẹ́ẹ̀ ni” fún wọn, ó sì gòkè.

Mo sunkún títí mo fi dé Titirou, lórí alùpùpù akérò. Ẹni tó gbé mi bi mí pé ṣé òkú ni mo sin ni.

Ó tó oṣù kan gbáko tí n kò tan tẹlifísọ̀n náà. Bí aago márùn-ún bá ti ń súnmọ́, mo máa ń wá iṣẹ́ tó nípọn ṣe, aṣọ tí ìró rẹ̀ á pọ̀ lórí ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ìdákẹ́jẹ́ ilé náà le ju mí lọ. Mo tàn án. Mo bọ́ gíláàsì, mo gbé àga súnmọ́ ọn, mo ń wo wọ́n bí wọ́n ṣe ń fò kiri. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti mú iwin kékeré yẹn kọjá odò. Ẹ wò ó bí mo ṣe dà: àgbà obìnrin, tí iwin ń jẹ lọ́kàn.

Mo ní ayálégbé kan, ọmọbìnrin Ìdàáṣà tó ń lọ sí yunifásítì. Ó mú ẹ̀wù wá lọ́jọ́ kan kí n bá a dín apá rẹ̀ kù. Mo ní kó jókòó, kó jọ̀ọ́, kó bá mi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣé wọ́n ti rí èyí tó ń sá pamọ́?

“Èwo ló ń sá pamọ́, Ìyá?”

“Èyí tó kéré jù. Tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí òdìkejì odò.”

Ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá, Ìyá. Ọ̀pọ̀lọ́ ló gbé e mì.” Ó rẹ́rìn-ín. “Kò sí odò níbẹ̀.”

Mo ní bóyá ìtàn ọ̀tọ̀ ni tòní. Mo ní kó tún wá lọ́la. Ọmọ tó ní sùúrù ni, ó wá lọ́la, ó tún wá lọ́túnla. Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí òdòdó pupa rúsúrúsú náà. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí lọ́jọ́ tí ọmọ mi sọ tirẹ̀ fún mi, mo ti sún gíláàsì kúrò lójú wò ó, bí òdòdó ṣe ń pa ẹnu dé mọ́ ẹ̀dá kékeré náà. Wọ́n tún ń ṣe èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo di ayálégbé mi lọ́wọ́ mú.

“Òun nìyẹn. Gbọ́ dáadáa. Kí ni wọ́n ń wí?”

“Oorun ló fẹ́ sùn, Ìyá. Òjò ń bọ̀, ó wọ inú òdòdó kí òjò má bàa pa á. Orin ni wọ́n ń kọ fún un yẹn.”

“Kò sí ẹni tó ń wá a?”

“Kò sí.”

“Wọn ò fẹ́ mú un lọ síbì kankan?”

“Rárá o. Inú ilé wọn ló wà. Ìyá rẹ̀ nìyẹn, àti ìyá rẹ̀ àgbà, ẹ wò wọ́n.” Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. “Ìyá, kí ló dé? Ta ló sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ mú un lọ?”

Ọmọ ọdún méje bẹ̀ mí fún oṣù márùn-ún. Aago márùn-ún kan kò kọjá tí kò bẹ̀ mí, ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi níbẹ̀, pẹ̀lú ẹnu kan ṣoṣo tí mo fi sílẹ̀ fún un. Èmi sì ń gé òwú, mo ń sọ fún un pé ó káre. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì tún ṣe títí mo fi ń kọ èyí. Ayálégbé náà ló bá mi pa tẹlifísọ̀n, ó bu omi fún mi, ó sì gbàgbé ẹ̀wù rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Mo dúró di ọjọ́ Àìkú kí n tó pè wọ́n. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù fún un. Faransé ló kọ́kọ́ fi dáhùn, kó tó gbọ́ ohùn mi. Yorùbá rẹ̀ ti ń wúwo díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í nípa oúnjẹ, mo bi í nípa ilé ìwé, ó ní ohun gbogbo dára. Mo wá bi í.

“Ọmọ mi, ìtàn iwin tó ń sá pamọ́ yẹn. Mo ti ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi.”

Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó dáhùn. “Ẹ má bínú, Ìyá. Mo purọ́. Mi ò ní ṣe é mọ́.”

“Èmi ò bínú. Gbọ́, èmi ò bínú sí ọ rárá. Èmi ni mo ṣẹ̀.” Mo di fóònù mú mọ́ etí. “Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kí o sì sọ tinú rẹ fún mi. Ṣé o fẹ́ padà wálé, àbí o fẹ́ dúró lọ́dọ̀ Màmáà? Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o sọ. O lè sọ pé o ò fẹ́. Mo fún ọ láyè. Kò sí ẹni tó máa bá ọ wí.”

Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni mo wí. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù, kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá bi í léèrè ẹ̀kọ́ Bíbélì tí kò tíì há sórí.

“Ìyá,” ló wí, “mi ò mọ èyí tí ẹ fẹ́ kí n sọ.”